Epo Ojú Ọbẹ̀ Bàálé

Ọjọ́ tí dókítà rí àtọ̀gbẹ lára Ọ̀jẹ́wálé ni Mojírayọ̀, ìyàwó rẹ̀, kó ṣúgà ilé dànù. Dókítà tún ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà, kí wọ́n dín epo kù.

"Ṣé epo dùn bíi ṣúgà ni?" Mojírayọ̀ ń bu epo ojú ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lọ, torí bàálé ló ni ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá kan ara Ọ̀jẹ́wálé rọ, ẹnu rẹ̀ sì wọ́.

"Ayé ti ṣe ọkọ mi o!" ni Mojírayọ̀ figbe ta.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nàka sí àwo ọbẹ̀. "Ìyàwó, fi ayé sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."

Ọ̀jẹ́wálé fẹ́ gbèjà aya rẹ̀. Itọ́ nìkan ló ń dà lẹ́nu rẹ̀.