Òwú Àlùkò Tí Ẹ̀ga Jí

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mo fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi búra, ààlọ́ òní kò ní gùn. Ti ọjọ́sí ló gùn. Àwọn tó sùn níbẹ̀ kò tíì jí tán.

Ààlọ́ mi rọra fò, ó bà sórí òfì Adépèlé, obìnrin ahunṣọ.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹyẹ ń sọ̀rọ̀ tí ènìyàn sì ń gbọ́, ìyá Adépèlé kú. Ó fi ìdì òwú kan sílẹ̀, òwú aláwọ̀ àlùkò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ bó ṣe rẹ ẹ́. Nígbà tí Mosúnmọ́lá, ọmọ Adépèlé, fẹ́ relé ọkọ, Adépèlé ní, "Òwú yìí ni n ó fi hun ìborùn ìyàwó. Ìyá mi gbọ́dọ̀ bá wa débẹ̀."

Ṣùgbọ́n òwú náà kò tó aṣọ. Àfi kó fi àwọ̀ mìíràn kún un. Bó bá ṣì í mú, òwú ìyá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó bá fi orin pe àwọn ẹyẹ:

Àwọ̀ wo ló yẹ àlùkò?
— Ẹ wá wò ó!
Òwú ìyá mi ò ní kejì.
— Ẹ wá wò ó!
Ẹ má jẹ̀ẹ́ n ṣì í mú o.
— Ẹ wá wò ó!

Agbe aláró dé. "Ìyá ìyàwó, aró tèmi ni." Adépèlé ta fọ́nrán méjèèjì pọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ṣókùnkùn pọ̀. A ò mọ èwo lèwo.

Odídẹrẹ́ dé, ó na ìrù. "Pupa tèmi ni, kí wọ́n lè rí i lókèèrè." Adépèlé ta wọ́n pọ̀. Wọ́n ń jà bí orogún.

"Ẹ kú ìmọ̀ràn," ni Adépèlé wí. Kálukú ń wo ìyẹ́ ara rẹ̀ dámọ̀ràn.

Ẹ̀ga dé. Ẹ̀ga kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ga, aláriwo orí ọ̀pẹ!

"Ẹ̀ga, ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Ẹ̀ga mi orí, ó fò lọ. Òwú ń fà tẹ̀ lé e lẹ́nu.

"Olè! Òwú ìyá mi!"

Adépèlé sáré dé ìdí ọ̀pẹ. Ẹ̀ga ti hun fọ́nrán náà mọ́ ẹnu ìtẹ́, òun fúnra rẹ̀ jókòó tì í, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Adépèlé gbójú sókè wò ó. Òwú náà ń tàn bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀.

Ẹ̀ga ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Máa mú un lọ, n ò ní sọ," ni Adépèlé fèsì. "Mo ti rí ohun tí mò ń wá."

Ó fi àtalẹ̀ pupa rẹ òwú funfun, ó pọ́n bí ìyeyè, ó sì hun méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá arúgbó kan fọwọ́ pa ìborùn náà, ó ní, "Ta ló ní ìyá Adépèlé ò wá?"

Láti ọjọ́ náà ni ariwo Ẹ̀ga ti di ìlọ́po méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í ní ìdí tó fi dákẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé àlùkò kò fẹ́ èyí tó jọ ọ́, kò fẹ́ èyí tó ń bá a jà. Èyí tó ń tanná sí i ló fẹ́. Èèyàn náà bẹ́ẹ̀ ni.

Ibí ni mo ti já ààlọ́ mi, bí ahunṣọ ṣe ń já òwú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ síta. A ti ṣèlérí fún Ẹ̀ga.