Ìnàkí, Olórí Adágún

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ mi ré pẹ̀tẹ̀, ó balẹ̀ sórí Ìnàkí.

Omi adágún ń dàrú, làwọn ẹranko bá fi Ìnàkí jẹ olórí ibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó lé Ẹlẹ́dẹ̀ jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ fi imú tú etí adágún, ó wọlé padà. Ìnàkí fi ẹ̀gún ṣọgbà yí adágún ká. Ẹ̀gún gún Ẹtu lẹ́sẹ̀. Ìnàkí tún ní kí wọ́n gbọ́n omi dànù. Àwọn ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ kú sórí ẹrẹ̀. Òjò dá omi padà, omi tún dàrú. Ẹ bá mi gbè é:

Ìnàkí ń tún un ṣe,
Omi ń dàrú!
Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe,
Omi ń dàrú!

Ẹtu tiro wá bá a. “Baba, ẹ ò tíì bi wá léèrè ohun tí adágún yìí jẹ́ fún wa. Omi mímu ni fún èmi.”
Ẹlẹ́dẹ̀ ní, “Ibùsùn mi ni.”
Ọ̀pọ̀lọ́ ní, “Ibẹ̀ ni mo ń bímọ sí.”
Ẹtu ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, Baba?”
Ìnàkí ní, “Ohun tí mo jẹ olórí rẹ̀ ni.”

Àwọn mẹ́ta náà jókòó, wọ́n pín adágún: Ẹtu gba ẹ̀bá àpáta, Ẹlẹ́dẹ̀ gba ìdí ẹrẹ̀, Ọ̀pọ̀lọ́ gba abẹ́ koríko. Omi tòrò. Ìnàkí ṣì ń rìn yí i ká, ó ń wá ibi tó bàjẹ́. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́.

Bí mo bá parọ́, kí omi àmù mi dàrú lọ́la.