Àṣá tó ní kí wọ́n má dá òun sí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Awó abiyamọ lórí.

Àṣá gbé ọmọ Awó jẹ. Ọba Àkàlà ní kí wọ́n pa á. Àṣà ìlú ẹyẹ sì ni pé ìyá òkú ni yóò kọ́kọ́ tu ìyẹ́ apá ọ̀daràn tán.

Awó fa ọ̀kan tu. Àṣá ké, "Ìyá Awó, ebi ló pa mí!"

"Ebi ò pa èmi rí ni?" Ó fa òmíràn.

"Ẹ ṣàánú mi, mi ò fẹ́ kú!"

"Ọmọ mi náà ò fẹ́ kú." Ó tún fà á. Àṣá wá bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá Awó, ẹ má dúró — Tere-ǹ-tere
Ọmọ yín ké, n kò dá a sí — Tere-ǹ-tere
Ẹ̀bi mi ni, ẹ má dá mi sí — Tere-ǹ-tere

Awó dúró. Odídẹrẹ́ pariwo, "Ẹnu dídùn lásán! Fà á tu jàre!"

Awó ní, "Kábíyèsí, n kò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ má pa á. N ó tu ìyẹ́ rẹ̀ tán, kó máa fẹsẹ̀ rìn, kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ mi tó kù."

Ọba bi í pé, "Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá hù ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn la ó mọ̀." Ọba sì gbà fún un.

Ìyẹ́ náà hù. Lọ́jọ́ tí Àṣá kọ́kọ́ fò, Awó dijú pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Nígbà tó lajú, Àṣá wà lókè orí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń lé Àwòdì lọ.