Àlejò Tí Kò Jẹ Iyán

Nígbà tí Ìbídùn ń rìnrìn-àjò, ó fa eku òyìnbó tí kò nírù tó ń sìn lé ìyá ìyá rẹ̀, Ìyá Dúrójayé, lọ́wọ́.

"Màmá, koríko ni kí ẹ máa fún un o."

Màmá ní òun gbọ́. Àmọ́ ta ní í fi koríko ṣàlejò? Iyán ló gún fún un. Eku fimú kàn án, ó yíjú. Màmá tún rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì. Eku ń rù, irun rẹ̀ ń re, àyà Màmá sì ń já: kí ni òun fẹ́ sọ fún ọmọ yìí?

Ràlíà, aládùúgbò wọn tó ń sin ehoro, yọjú wò ó.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fi iyán pa á ni? Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Koríko tútù ni iyán tirẹ̀. Ẹ gé tàtàṣé díẹ̀ mọ́ ọn, nítorí irun tó ń re yìí."

Tìtìjú-tìtìjú ni Màmá fi gbé koríko síwájú eku. "Má bínú o, ilé wa ò tòṣì tó báyìí."

Eku ti ń run ún wómúwómú.

Nígbà tí Ìbídùn dé, ara eku ti ń dán. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá wọlé, Màmá kì í sáré sún mọ́ odó mọ́. Yóò kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ máa ń jẹ nílé yín?"