Àmù Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀nà

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ọ̀!"

Àlọ́ mi kò dé ọjà, kò dé oko. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló dúró sí, lórí Àgbọ̀nrín àti Ehoro. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sùn o.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Àdìgún, ọmọ kan ṣoṣo tí Àgbọ̀nrín bí, wá omi lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kó tó lọ, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má gbé àmù yín kúrò ní oríta o. Bí mo bá ti rí i níbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń retí mi."

Láràárọ̀ ni Àgbọ̀nrín ń da ìwọ̀nba omi tó bá rí sínú àmù náà. Ẹni tó bá ń kọjá á bu mu. Ìyá náà á kúnlẹ̀, á ní, "Olúwa, jẹ́ kí ọmọ tèmi náà rí omi mu níbi tó wà." Àdúrà rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òùngbẹ ń gbẹ Ehoro, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Ó kọ́ ilé àdúrà, ó wọ aṣọ funfun, ó sọ ara rẹ̀ di alúfàá.

"Ìyá Àdìgún, inú eruku lẹ ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Kò lè gbọ́ yín níbẹ̀! Ẹ gbé àmù yín wá sílé rẹ̀, ọmọ yín á dé."

"Àwọn tó ń kọjá lọ ńkọ́?"

"Kí àwọn náà wá jọ́sìn."

Ọkàn ìyá ń fà sí ọmọ rẹ̀. Ó gbé àmù lọ. Àwọn ẹranko yòókù náà gbé tiwọn. Bí wọ́n ti ń kọrin níwájú, Ehoro ń fi omi inú àmù wọn wẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àgbọ̀nrín rí ipa ẹsẹ̀ ní oríta. Ẹsẹ̀ Àdìgún ni, ó dá a mọ̀! Ọmọ náà ti yí ibi tí àmù wà tẹ́lẹ̀ po, ó ti dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti padà síbi tó ti wá.

Àgbọ̀nrín figbe ta, ó sáré wọ ilé àdúrà, ó fa aṣọ ìkélé ya. Ehoro rèé, omi ń kán létí rẹ̀!

"Omi ọmọ mi lo fi ń wẹ̀?"

Wọ́n lé Ehoro wọgbó. Àgbọ̀nrín kò bá wọn lé e. Ó gbé àmù rẹ̀ padà sí oríta, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àdìgún ọmọ mi,
*Yà wá mumi o.*
Àmù ti padà,
*Yà wá mumi o.*

Ẹ̀ ń bi mí bóyá ó dé? N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí àgbọ̀nrín bá ń jẹko, á dúró, á gbórí sókè, á na etí sọ́nà.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ó dára ká péjọ sin Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ká má torí ẹ̀ gba omi lẹ́nu ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ó yá, ta ló pọnmi sí àmù ẹnu ọ̀nà wa lónìí?