Àtíbàbà Lórí Amọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ ilé alámọ̀ fún ìyá rẹ̀. Àkókò òjò ti ń bọ̀, yàrá tí ìyá náà ń sùn sí sì ti ń jò. Ó wá àwọn tí yóò máa fi ẹsẹ̀ po amọ̀, ó sì wá apọnmi kan. Iṣẹ́ apọnmi kò ju pé kó máa da omi sí amọ̀ láràárọ̀ kó má baà dì. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dà á, sínú gọ́tà kékeré tó ń gbé e lọ sí kòtò amọ̀ níwájú ilé. Ó mọ ìwọ̀n tó ń dà, nítorí ó mọ ìwọ̀n tí oòrùn máa ń fà.

Ṣùgbọ́n oòrùn yẹn kan náà ń pa àwọn tó ń po amọ̀. Ẹsẹ̀ wọn dàrú. Ẹnì kan á máa sáré tẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì á dúró gbagidi, amọ̀ á sì di kókó. Ọkùnrin yìí lọ bẹ káfíńtà kan ní abúlé kejì, onítọ̀hún fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé wọn lórí. Iṣẹ́ náà dára. Ẹsẹ̀ wọn bọ̀ sípò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ déédéé.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o ti sọ fún apọnmi?"

Ó ní, "Màámi, kí ló kan apọnmi nínú àtíbàbà? Iṣẹ́ ọ̀tọ̀, òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀."

Àgbà wí, ọmọ kò gbọ́. Apọnmi ń da omi rẹ̀ bó ṣe ń dà á, kò fi ife kan lé e. Ṣùgbọ́n oòrùn tó ń fà á tẹ́lẹ̀ kò ráyè wọlé mọ́. Kò sì hàn lójú ẹsẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, amọ̀ náà tilẹ̀ ń dán, àwọn aládùúgbò ń yìn ín. Nígbà tó yá, ara ògiri tí wọ́n fi amọ̀ náà mọ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa á, ó ní ìrì ni.

Lọ́jọ́ tí ògiri wó, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìyá rẹ̀ jókòó sí lórí àpótí, tó ń bó ẹ̀gúsí. Ewúrẹ́ kan já wọ ibẹ̀, ó ki ẹnu bọ igbá. Màmá dìde, ó ń lé e lọ, ó ń ṣépè fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ògiri ya lulẹ̀. Àpótí náà fọ́ yángá.

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú sí apọnmi. Apọnmi ní, "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi pé ibòji ti wà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti dín omi kù."

Oyèkànmí, àbúrò mi, ìwọ ni mo ń pa ìtàn yìí fún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni amọ̀ yẹn. Apọnmi ni oògùn tí wọ́n ti fún ọ tipẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ má baà dì. Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbà nílùú kejì, tó mú kí ọkàn rẹ máa lù déédéé, òun ni àtíbàbà. Ara rẹ ló ń dín agbára oògùn àkọ́kọ́ kù bí oòrùn ṣe ń fa omi, oògùn tuntun sì ti dí i lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ wá ń ṣàn jù bí amọ̀ tó rọ̀ jù. Mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ rẹ láàárọ̀ yìí, o ní orín ló ha ọ́ lẹ́nu. Mo rí ibi tó ṣú dúdú lápá rẹ, o ní o fi gbá ilẹ̀kùn. Ìrì ni, àbí?

O ní o kò fẹ́ kí dókítà àkọ́kọ́ gbọ́ pé o lọ síbòmíràn, kó má baà rò pé o fojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Ìtìjú yẹn kò tó kú fún. Má sì dá èyíkéyìí dúró fúnra rẹ. Bí o bá lé apọnmi, amọ̀ á dì. Bí o bá wó àtíbàbà, ẹsẹ̀ á tún dàrú. Kó oògùn méjèèjì sínú àpò kan, gbé e lọ bá dókítà lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí wọ́n bá ọ wọn omi náà.

Ìyá ọkùnrin yẹn rí ewúrẹ́ gbà á là. Ìwọ kò sin ewúrẹ́.