Irin tó Wẹ̀wù Bàbà

Wọ́n máa ń sọ pé, "Irin tó wẹ̀wù bàbà, ara rẹ̀ ló fi rà á." Ṣé irin a máa ná ọjà ni? Ẹ má wojú ẹlòmíràn, èmi ni mo fa ọ̀ràn náà. Mo ń bá Mojíbadé, opó ilé kejì, po oògùn kòkó, omi aláwọ̀ aró tí kì í jẹ́ kí kòkó rà lórí igi. Igi ni wọ́n ní ká fi rò ó. Èmi ọ̀lẹ, ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi rò ó. Ìgbà tí mo máa yọ ọ́, ó ti pọ́n bí bàbà! Kí n panu mọ́ ńkọ́? Mo ká ìró dé orúnkún, mo jó yí abúlé po, ìdí ń mì bí àpò gàrí: "Mo ti sọ irin di bàbà!"

Láfìnhàn gbọ́. Àbúrò ọkọ Mojíbadé tó kú ni. Ó fẹ́ joyè, oyè náà ń fẹ́ ọ̀pá bàbà, irin lásán ló sì ní. Ó gba ilé opó lọ.

"Ìyàwó, jẹ́ kí n rẹ ọ̀pá mi sínú oògùn rẹ."

"Ọkọ mi, gbogbo oògùn tí mo ní nìyí. Òjò ti dé. Bí kòkó ọdún yìí bá rà, kí ni n ó fi bọ́ ọmọ mẹ́rin?"

"Ṣé ọ̀pá ń mu omi ni?"

Ta ni í bá ọkọ jiyàn? Láfìnhàn ri ọ̀pá bọ inú ìkòkò, ó tún kó gbogbo àjákù irin ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹrin ló kó wọn lọ, wọ́n pọ́n rokoṣo. Omi tó ti dà bí aró wá ṣì, ó rí bí omi ewé. Mojíbadé po ẹfun mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, bí a ti máa ń ṣe kí a tó fín in, ó fín in sí kòkó, ó ń gbàdúrà. Kò tó oṣù kan, kòkó rà, ó dúdú láti ìdí igi dé orí.

Tíṣà Fátókun, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, wo ìkòkò náà, ó mi orí.

"Bàbà tó wà nínú omi yẹn gan-an ni oògùn, ìyá. Irin ló yọ ohun bíńtín kan lára fún un. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù là ń pè é. Bàbà tó gbà á wá jáde kúrò nínú omi, ó lẹ̀ mọ́ irin. Irin tó yọ̀ǹda tirẹ̀ sì yọ́ sínú omi."

"Ìyẹn ni pé omi irin ni mo fín?"



Lọ́jọ́ oyè, Láfìnhàn dúró níwájú Mojíbadé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, o ò kí mi?"

Mojíbadé kúnlẹ̀. Ara ọ̀pá ló ń wò, níbi tí bàbà ti ń bó, tí irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà bí eyín tó kẹ̀.

"Ẹ kú oríire, ọkọ mi. Irin tó wẹ̀wù bàbà, ara rẹ̀ ló fi rà á. Ẹ̀yin ńkọ́, ara ta lẹ fi ra tiyín?"